Pàṣán Tí A Fi Na Ìyálé



Ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n kan ni a sábà máa ń gùn láti Ìnísà lọ sí Òkukù. Ẹni ọdún 43 ni wọ́n. Iṣẹ́ akáńtáǹtì ni wọ́n ṣe fún ọdún 12 kí ilé-iṣẹ́ wọn tó kógbá sílé. Láìpẹ́ yìí, wọ́n wá iṣẹ́ lọ sí Òṣogbo. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ orí wọn ni ọ̀gá ibẹ̀ kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ̀gbọ́n bi wá pé, “Ṣé ìṣirò máa ń gbó bí aṣọ ni?”

A rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò kàn wá, àfi ìgbà tí a ṣírò tiwa. Ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́, pàápàá ti báǹkì, ló máa ń ní kí ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 26 lọ má wulẹ̀ kọ̀wé. Ẹni tó ṣe JAMB títí kó tó wọlé ní ọmọ ogún ọdún, tó kàwé fún ọdún mẹ́rin, tó sì sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, ti di ẹni ọdún 25. Bí yunifásítì rẹ̀ bá wà lára àwọn tí ìyanṣẹ́lódì ASUU tì pa láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ńkọ́? Oṣù mẹ́jọ tún ti lọ. Kò tíì ṣiṣẹ́ rí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà jù.

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó. Àwa ni ìyàwó yẹn.

Abala 42 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 kọ̀ kí a fi ẹ̀yà, ìlú, ẹ̀sìn, èrò ìṣèlú tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin rẹ́ ọmọ Nàìjíríà jẹ. Kò dárúkọ ọjọ́ orí. Láti ọdún 1967 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá ti pé ogójì ọdún.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ kò tó, kí àgbà yẹ̀bá fún ọmọdé. Lóòótọ́, iṣẹ́ kò tó. Ṣùgbọ́n ìlànà yìí kò dá iṣẹ́ kankan sílẹ̀. Irọ́ ló ń kọ́ wa. Ta ni kò mọ ẹni tó lọ búra ọjọ́ orí tuntun ní kóòtù? Ìjọba fúnra rẹ̀ ṣòfin ní ọdún 2022 pé kí olùkọ́ máa ṣiṣẹ́ títí di ọdún 65. Bí ẹni ọdún 64 bá lè kọ́ ọmọ ní kíláàsì, kí ló dé tí ẹni ọdún 43 kò fi lè ṣírò owó? Nílé, a ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, a ń lé wọn padà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń gbani síṣẹ́, ọwọ́ yín ni a ń wò. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ ìpolówó iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìlà ọjọ́ orí yẹn kúrò. Ẹ béèrè ohun tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì dán an wò. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe rò pé àǹfààní wa ni. Ọdún díẹ̀ péré ló kù kó kàn wá.