Ẹ Má Bá Mi Dúnàádúrà Ayùn Yìí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń pẹja láàárín Báyékù sí Ìjẹ̀dẹ́ wá kí mi nílé ní Ẹ̀pẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé búrẹ́dì méjì fún mi, mo súre fún un. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti jókòó ni ojú rẹ̀ kò ti kúrò lókè ilẹ̀kùn yàrá mi, níbi tí baba mi fi okùn so nǹkan kan kọ́ sí kí ó tó kú. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ẹnì kan wà ní Èkó tó máa ra nǹkan yìí. Owó gidi ni o. Ẹ ṣáà sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ gbà." Mo bi í pé kí ni nǹkan náà. Ó tún wò ó dáadáa, ó ní ayùn àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ ni.

Ọmọ ọdún márùndínlógójì! Apẹja, ọmọ apẹja, ọmọ ọmọ apẹja! Imú ẹja ló ń wò tó ń pè ní irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Mo ti bá a wí lójú ara rẹ̀, ó sì ti tọrọ àforíjì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú mi, torí ó ju tiẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà yìí láti Májídùn títí dé Ẹ̀jìnrìn, ẹ̀yin tí ẹ ń fa yanrìn ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra ẹja ní ọjà Olúwo, ẹ sún mọ́ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹja aláyùn ni mo máa pè é fún yín. Pristis ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹni tó bá rí i lókèèrè lè pè é ní àkurakúdà, ṣùgbọ́n ẹja pẹlẹbẹ tó ní oró nírù ló bá tan jù. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ rí i: abẹ́ ni ẹnu rẹ̀ wà, abẹ́ náà sì ni ihò tó fi ń mí wà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn lè gùn ju mítà mẹ́fà lọ, ìyẹn ni pé ó gùn ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ̀ ń wà lọ. Ayùn tó yọ síwájú rẹ̀ kì í ṣe ohun ìjà lásán. Àìmọye ihò kéékèèké ló wà lára rẹ̀, ihò tó fi ń mọ iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ tó ń jáde lára gbogbo ohun abẹ̀mí. Nínú omi tó dọ̀tí tí ojú kò lè ríran, ayùn yẹn ló fi ń mọ ibi tí ẹja mìíràn wà. Yóò fì í lẹ́ẹ̀kan, ẹja yẹn yóò dákú, yóò sì gbé e mì.

Kì í yé ẹyin. Oyún ló ń ní, bí oṣù márùn-ún, ó sì lè bí ọ̀kan ṣoṣo tàbí kó bí tó mẹ́tàlá. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti di òbí gbọ́ èyí: nígbà tí ọmọ wà nínú ìyá, ayùn rẹ̀ rọ̀, awọ tútù sì bo eyín rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó má baà ya ìyá rẹ̀ nínú nígbà ìbí. Ta ló kọ́ ọ? Ọlọ́run Ọba ni. Ẹ̀dá tí Ọlọ́run fi irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ dá la fi àwọ̀n àti àdá pa tán.

Òkun ni àgbà rẹ̀ sábà máa ń gbé, àmọ́ kì í bímọ sójú agbami. Tí àkókò ìbí bá tó, yóò wá ẹnu odò, yóò wá ibi tí omi ti dùn tàbí tí iyọ̀ rẹ̀ ti dín. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa dàgbà sí fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó mú ọ̀nà òkun pọ̀n. Ó sì máa ń tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí òun náà tó lè bímọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó àjọ: ẹja tó dàgbà fún ọdún mẹ́wàá kó tó bímọ, tí kò sì lè bí ju mẹ́tàlá lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa ìyá kan, kí lẹ fẹ́ fi dí i?

Ẹ wá wo ọ̀nà tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ máa gbà tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Yóò gba ẹnu òkun wọlé ní Èkó, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gbà wọ èbúté. Yóò kọjá Mákòkó, yóò já sí ojú ọ̀sà gbayawu, yóò gba iwájú Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Báyékù, yóò kọjá Ìjẹ̀dẹ́ níbi tí ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbin ń mu omi ọ̀sà, yóò gba Ẹ̀jìnrìn dé Ẹ̀pẹ́, títí yóò fi dé ọ̀sà Lẹ́kkí, níbi tí odò Ọ̀ṣun àti odò Òní ń dà sí. Láti inú omi iyọ̀ títí dé inú omi dídùn, kò sí ẹnubodè kankan láàárín. Ilé ìtọ́jú ọmọ ni Ọlọ́run fi ọ̀sà wa ṣe fún àwọn ẹja òkun. Baba mi sọ fún mi pé ìṣẹ́jú tí ẹja tó ni ayùn òkè ilẹ̀kùn mi yẹn wọ àwọ̀n àwọn, òun àti ọkùnrin méjì mìíràn kò lè dúró nínú ọkọ̀. Ẹja náà fa àwọ̀n, ó fa ọkọ̀, ó ya àwọ̀n sí wẹ́wẹ́. Wọ́n fi àdá yanjú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló jẹ nínú rẹ̀, baba mi sì gé ayùn rẹ̀, ó so ó kọ́. Kò rí òmíràn mọ́ títí ó fi kú.

Èmi náà kò rí i láàyè rí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, kì í ṣe owó ọmọkùnrin ará Èkó yẹn.

Nígbà tí àwọ̀n náílọ̀n dé ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni wàhálà ńlá dé. Àwọ̀n òwú àtijọ́ máa ń jẹrà, ẹja ńlá sì lè já a. Náílọ̀n kì í jẹrà, kì í já bọ̀rọ̀, ayùn sì rèé tí eyín yọ lápá ọ̀tún, tí eyín yọ lápá òsì: kò sí àwọ̀n tí kò ní há a. Wọn ì báà máa dẹ ẹja mìíràn, òun ló ń há. Àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun tún wá ṣe èyí tó kù. Láti Mauritania títí dé Àǹgólà ni ẹja yìí ti pọ̀ rí. Nígbà tí àwọn olùwádìí lọ bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ ní Gáḿbíà àti Guinea-Bissau, àwọn arúgbó ló mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò rí i rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò dá wà, ìyẹn kò sì tù mí nínú.

Ní Nicaragua, adágún ńlá kan wà tí odò kan so pọ̀ mọ́ òkun, bí ọ̀sà tiwa ṣe so mọ́ òkun. Ẹja aláyùn kún inú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á fún títà. Thomas Thorson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti ń ṣèwádìí ẹja náà níbẹ̀ tipẹ́, kígbe pé yóò tán. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lóòótọ́. Amẹ́ríkà fi òfin dáàbò bo tiwọn ní 2003. Ní 2007 ni àdéhùn CITES, tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti 1974, ka títa ẹja yìí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì léèwọ̀, àfi irú kan ní Ọsirélíà tí wọ́n fi sí i ní 2013. Nítorí náà, bí ẹni tó fẹ́ ra ayùn baba mi bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun, òfin ló fẹ́ rú, ó sì fẹ́ fi èmi arúgbó ṣe alábàápín.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ rajà ní Kùtọ̀nù ń ná owó sẹ́fà lójoojúmọ́. Ẹ mú owó irin ọgọ́rùn-ún sẹ́fà kan síta, ẹ wò ó. Ẹja tó wà lára rẹ̀, tí ẹ rò pé ọnà lásán ni, ẹja aláyùn ni, ẹ̀dà òṣùwọ̀n góòlù àwọn Akan. Àwọn Kàlàbárí ń gbẹ́ ẹ sí orí agọ̀, wọ́n ń pè é ní Oki. Àwọn tó wà ní erékùṣù Bissagos máa ń dé e lórí nígbà tí wọ́n bá ń jó. Owó ń rìn kiri, àwòrán ń rìn kiri, ẹja fúnra rẹ̀ kò sí nínú omi.

Ẹ ó sọ pé èyí tó ti lọ ti lọ. Ó dáa. Èyí tó kù ńkọ́? Ẹ̀fọ̀lọ̀ tí ẹ̀ ń jẹ, ọ̀nà kan náà ló ń gbà. S. O. Fagade àti C. I. O. Olaniyan ṣèwádìí rẹ̀ nínú ọ̀sà Èkó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1972: ẹja kéékèèké ló ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ wọ inú ọ̀sà, wọ́n á jẹun, wọ́n á dàgbà, tí òjò bá sì dé tí omi di dídùn, wọ́n á padà sókun. Kí lẹ̀ ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ̀ ń fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò gba ìka kó àwọn ọmọ yẹn, ẹ̀ ń tà wọ́n ní abọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí i ní ọjà Olúwo pẹ̀lú ojú mi: ẹja tí kò tó ìka ọwọ́ mi, wọ́n kún abọ́ bámúbámú, ojú wọn ṣì ń dán. Mo bi ìyá tó ń tà á, ó ní wọ́n á fi ṣe oúnjẹ adìyẹ. Mo kúrò níbẹ̀ láìra nǹkan kan.

Ihò àti abẹ́ gbòǹgbò ni ọ̀bọ̀kún ń yé ẹyin sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa yanrìn, kí lẹ̀ ń fà sókè tọ̀sán tòru? Ìsàlẹ̀ ọ̀sà yẹn gan-an ni. Omi á rú, ihò á dí, ẹyin á jẹrà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń da Gámálínì sínú odò kéékèèké, mi ò ní bá yín ṣàwàdà. Májèlé ni. Ẹ̀ ń pa ẹja, ẹ̀ ń fún ọmọ yín jẹ.

Àwa àgbà jẹ̀bi nínú rẹ̀. A ti jó níbi tí wọ́n ti ń gé ayùn, a kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé abiyamọ ni. Àwọn baba wa lè sọ pé àwọn kò mọ̀. Èmi mọ̀, ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyí.

Bí ẹja aláyùn bá há sínú àwọ̀n ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ má di ayùn náà mú, torí ó lè ya yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ wà nínú omi, ẹ gé àwọ̀n kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ. Àwọ̀n á tún ṣeé rà. Kó tó lọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi tó NIOMR létí ní Victoria Island, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí òkun àti ẹja. Ẹ má gé imú rẹ̀ wá fún mi.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ránṣẹ́ pè é pé kó wá lọ́jọ́ Sátidé, kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Mo sọ ayùn náà kalẹ̀ lánàá, mo nu eruku ara rẹ̀. Eyín méjìdínlógún ló wà lápá kan, mẹ́tàdínlógún lápá kejì, ihò kan sì ṣófo níbi tí eyín kan ti jábọ́ nígbà tí ẹja náà ṣì wà láàyè. Irú eyín bẹ́ẹ̀ kì í hù padà. Ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kékeré kàn.