Márùn-ún Tó Ń Gòkè

Nígbà tí mo lọ fún TP ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú Òṣogbo, kíláàsì kẹrin ni wọ́n fún mi. Yorùbá ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ṣa iṣẹ́ mú, bí wọ́n ṣe gbé ìṣirò lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ni bí a ṣe ń sún nọ́ńbà mọ́ mẹ́wàá tó wà nítòsí rẹ̀.

Mo kọ 37 sára pátákó. Mo sọ òfin tí wọ́n fi kọ́ èmi náà: bí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, “round up”; bí kò bá tó 5, “round down”. Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ lórin tẹ̀lé mi, ó dùn ún gbọ́. Mo wá ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn kan kọ 30, nítorí pé 3 ló ṣáájú. Ọmọ kan kọ 47. Wọ́n ní kó gòkè, òun náà ti gòkè. Mi ò lè bá a wí.

Mo bi wọ́n pé, “Kí là ń pe nọ́ńbà yìí nílé?” Ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló dáhùn: “Mẹ́tàdínlógójì, Anti.”

“Mẹ́ta dín nínú èló?”

“Ogójì!”

“Ṣé 30 ló wá súnmọ́ ni, àbí 40?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ara mi ló ń tì mí. Láti kékeré ni mo ti ń pe mẹ́tàdínlógójì, mi ò sì gbọ́ ohun tó ń wí rí.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kà á sókè níbi tí ẹ wà. Mọ́kànlélógún, méjìlélógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún. Ogún la ṣì ń dìrọ̀ mọ́. Tó bá di 25, ẹnu wa kúrò lára ogún, ó kọjú sí ọgbọ̀n: márùndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, títí dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni 44 jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, tí 45 sì jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Kódà ẹni tó ń pe 25 ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, “dín” náà ló ká mọ́ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orí márùn-ún gan-an ni ọ̀nà ti yà, ibẹ̀ náà ni òfin inú ìwé ìṣirò ti yà. Bí ọmọ bá sì béèrè ìdí tí 5 fi ń gòkè (wọ́n máa ń béèrè, a kì í kàn dá wọn lóhùn ni), òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé 25 jìnnà sí 20 bó ṣe jìnnà sí 30. Àdéhùn lásán ni. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn baba wa ti ṣe lẹ́nu ni.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó bá ìjọ CMS ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá ní ọdún 1887. Ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń ka owó ẹyọ ṣe ń kó o ní márùn-ún-márùn-ún láti inú òkìtì, tí ogún nínú ìdì bẹ́ẹ̀ á di ọgọ́rùn-ún. Lójú tirẹ̀, owó ni wọ́n ń kà tí òǹkà wa fi rí báyìí. Ará Iléṣà ni mí, ìlú àwọn Òṣómàáló tí wọ́n ń ru aṣọ kiri tà láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó títí yóò fi san án. Ìyá mi àgbà, tó ń tajà lọ́jà Atakúnmọ́sà, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ọjà bá jẹ́ ₦1,800, ohun tí yóò sọ ni pé ó ku igba náírà kó pé ẹgbẹ̀rún méjì. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìṣirò rí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo fún àwọn ọmọ náà ní píọ̀ wọ́tà 29, ₦50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn ṣe é lórí ìwé, ẹnìkan mú 145 wá fún mi, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. A jọ pè é: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bó bá jẹ́ ọgbọ̀n ńkọ́? ₦1,500. Ọ̀kan dín níbẹ̀, ẹ yọ ₦50 kúrò. ₦1,450. Ọmọ tó kọ 145 ló kọ́kọ́ pariwo pé òun ti ṣìṣe. Ohun tí ìfojúbù wà fún nìyẹn: kí ọmọ lè mọ̀ nígbà tí ìdáhùn bá ń purọ́, ìbáà jẹ́ lórí ìwé, ìbáà jẹ́ nínú fóònù, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fún un ní ṣéńjì.

Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé mo sọ “vernacular” nínú iṣẹ́ ìṣirò. Ó yọ máàkì. Mi ò bá a jà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní níbi tí wọ́n ti lo èdè abínibí ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún tí wọ́n fọwọ́ sí òfin yẹn, yóò lo nǹkan bí ọdún méjìlá kó tó jókòó ṣe WAEC. Ọdún 2034 nìyẹn. Ọmọ ta ló wá fìdí rẹmi?

Bẹ́ẹ̀ a ti dán an wò nítòsí níbí. Láti ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ St. Stephen’s ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, ìṣirò wà nínú rẹ̀, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́.

Mi ò ní tan yín. Nínú kíláàsì mi, àwọn tó lè ka Yorùbá kọjá ogún kò pọ̀. “Twenty-five” ni wọ́n ń bá ara wọn sọ nínú eré. Àwọn kan níbẹ̀, Haúsá tàbí Ìgbò ni wọ́n ń sọ nílé. Òǹkà wa kò sì ṣe gbogbo iṣẹ́ tán: 163, mẹ́tàlélọ́gọ́jọ, yóò júwe 160 fún ọmọ, kò ní júwe 200. Ìdánwò ṣì ń bọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: kí ọmọ pe nọ́ńbà náà lédè ìyá rẹ̀, kó sọ èyí tó lé sí tàbí èyí tó dín sí, kí olùkọ́ tó wá kọ “nearest ten” sára pátákó.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti gboyè, tí ẹ ń kọ́ni ní Òṣogbo, Iléṣà, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Èsà-Òkè, ẹ dán an wò pẹ̀lú 45, kí ẹ sì kọ ohun tí àwọn ọmọ yín bá sọ ránṣẹ́ sí wa. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kìíní yẹn, nígbà tí mò ń kó ẹrù mi lọ, ó bi mí bóyá wọ́n ń pe 37 ní mẹ́tàdínlógójì ní London náà.