"Bí… Bá" Yàtọ̀ sí "Nígbà Tí"

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jọ ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gírámà ni.

Ansible, tí Michael DeHaan gbé jáde ní ọdún 2012, ni irinṣẹ́ tí a fi ń rán ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A lè so ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, when, mọ́ iṣẹ́ kan, kí ó lè wáyé lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, kí ó má sì wáyé lórí àwọn yòókù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá a máa sáré kọ "nígbà tí". Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Pa kọ̀ǹpútà náà nígbà tí ó bá jẹ́ ti ìdílé Debian." Àkókò ni "nígbà tí" ń tọ́ka sí, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú "bá". Òǹkàwé yóò rò pé irinṣẹ́ náà ń dúró de ìgbà kan. Kò dúró de nǹkan kan. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ń wò ó: bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, ó ṣe iṣẹ́ náà; bí kò bá jẹ́ òótọ́, ó fò ó, ó bọ́ sórí èyí tó kàn. Ìdúró ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú Ansible, èyí ni until, tí "títí… fi" wa bá mu. Ẹni tí ó bá ṣi èyí lóye lè pa ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

"Pa kọ̀ǹpútà náà bí ó bá jẹ́ ti ìdílé Debian": èyí ni mo fara mọ́. (Ẹni tó kọ "tí… bá" kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn "tí".) Ẹ má sì pe iṣẹ́ tí a fò ní iṣẹ́ tó kùnà, irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni "àti". Bí a bá to ohun méjì sábẹ́ when kan, méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ kí iṣẹ́ náà tó wáyé. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "bí ó bá jẹ́ ti Debian àti ẹ̀dà rẹ̀ bá jẹ́ 12". Ọ̀rọ̀-orúkọ ni "àti" ń so pọ̀ ní Yorùbá, kì í so gbólóhùn. "Bí ó bá jẹ́ ti Debian, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì jẹ́ 12" ni kí wọ́n kọ.