Àwọn Ènìyàn Tí A Kà Mọ́ Ẹrù

Bí baálé olóko kan bá kú ní Virginia tàbí ní Maryland, láyé ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé wọn lórí, kì í pẹ́ tí ilé-ẹjọ́ fi í yan ọkùnrin mélòó kan nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀, tí wọn yóò búra, tí wọn yóò sì wọ ilé òkú lọ láti yàrá dé yàrá, láti ilé ìdáná dé àká, kí wọ́n máa ka ohun tí ó fi sílẹ̀, kí wọ́n sì máa dá iye lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í fojú fo ohunkóhun: ibùsùn tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ kì, tí ó sábà máa ń jẹ́ ohun tí ó níye lórí jù nínú ẹrù ilé; àwo tánganran, ìkòkò irin, kẹ̀kẹ́ ìrànwú, ọkọ́, àáké, títí kan ìdì irin àlòkù. Pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí owó fàdákà ṣọ̀wọ́n, ìwọ̀n ewé tábà ni. Ètò náà mọ́gbọ́n wá, nítorí nípa rẹ̀ ni ẹni tí òkú jẹ ní gbèsè fi ń rí owó rẹ̀ gbà, tí opó àti ọmọ sì fi ń mọ ìpín tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka ìwé náà lọ yóò ṣàdédé dúró. Níbi tí a ti ń ka màlúù àti ẹṣin, orúkọ ènìyàn yóò yọ: obìnrin kan àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ iye kan ṣoṣo, arúgbó kan tí a kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀ nítorí pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó fi gbogbo agbára ìgbà èwe rẹ̀ ṣán oko náà, tí ó gbìn ín, tí ó kórè rẹ̀, ni àwọn aládùúgbò wò, tí wọ́n ní kò tó kọ́bọ̀ kan.

Àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀. Thomas Jefferson, ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé òmìnira Amẹ́ríkà pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn, kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù July 1826 pẹ̀lú gbèsè tí ó lé ní 100,000 dọ́là. Ní oṣù January 1827, wọ́n kó ẹrú 130, ẹran ọ̀sìn, irinṣẹ́ oko àti àga ilé rẹ̀ ní Monticello lọ sí gbàǹjo. Ìwé ìhágún rẹ̀ dá Joseph Fossett alágbẹ̀dẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá Edith aya rẹ̀ sílẹ̀, obìnrin tí ó ti ń se oúnjẹ fún Jefferson nígbà tí ó jẹ́ ààrẹ, kò sì dá àwọn ọmọ wọn sílẹ̀. Wọ́n tà wọ́n nígbà tí bàbá wọn ṣì ń dúró de ọjọ́ òmìnira tirẹ̀. Nígbà tí ó yá ni ó tó ra aya rẹ̀ àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà padà.

Àwọn kan ní kí a pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ tì, pé ohun ìtìjú ni. N kò fara mọ́ ọn rárá. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka àwọn ẹrú ní 1850 àti ní 1860, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara ni wọ́n ń kọ. Wọn kì í kọ orúkọ. Ó di 1870 kí ọ̀pọ̀ wọn tó ní orúkọ nínú ìwé ìkànìyàn. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ń wá bàbá ńlá rẹ̀ ré kọjá ọdún náà, àfi kí ó lọ wá a láàárín ìkòkò àti ẹṣin nínú ìwé ogún ẹni tí ó ni ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa gan-an ni Louisiana, níbi tí àwọn akọ̀wé Faransé, àti ti Sípéènì lẹ́yìn wọn, ti ń kọ ẹ̀yà tí ẹrú ti wá sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1719, láti Ouidah, ní etíkun ilẹ̀ Benin òde òní, ni ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ kó ẹrú dé ibẹ̀ ti ṣí. Ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, Gwendolyn Midlo Hall, onímọ̀ ìtàn, jókòó ti àwọn ìwé ilé-ẹjọ́ Pointe Coupée ní Louisiana, ó sì tibẹ̀ lọ sí ibòmíràn, títí ó fi kó àkọsílẹ̀ nípa àwọn ẹrú bí 100,000 jọ, láti 1719 dé 1820, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2000. Àwọn Nàgó, ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire, wà nínú wọn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani: láti ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn ni wọ́n ti bọ́ sí etí òkun, àwa náà nílẹ̀ yìí a sì máa pín ẹrú mọ́ ogún. Gbèsè wọn wà lọ́rùn wa.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rà wọ́n kò wo ilé ẹnikẹ́ni, orúkọ Faransé ni wọ́n sì sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀ orúkọ ilẹ̀ adúláwọ̀ kò tán nínú ìwé náà. Bí ó ṣe bọ́ sí etí akọ̀wé ni ó ṣe kọ ọ́, láìsí àmì ohùn, èdè rẹ̀ kò sì mọ bí a ti ń pe “gb”. Ẹni tí ó dàgbà sí Louisiana kò lè fòye mọ̀ bóyá orúkọ àbíkú ni, tàbí oríkì, tàbí àmútọ̀runwá. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Kétu tàbí Ọ̀yọ́ lè gbọ́ ọ. Mo rọ àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ Yorùbá àti ti ìtàn ní yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó pé kí wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ yìí, kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa sì san owó rẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí a kọ Nàgó sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí ilé-ẹjọ́ Pointe Coupée, kí ọmọ-ọmọ wọn tí ó bá wá bèèrè lè bá a níbẹ̀.