Ìbuwọ́lùwé orí fóònù: Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Láyé ìjọ́un, ẹni tó bá rí iṣẹ́ tuntun á lọ sí ọ́fíìsì, á gbé bírò, á buwọ́ lùwé. Ó ti yàtọ̀ báyìí. Láwọn iléeṣẹ́ tó ń fi Slack bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá kàn máa kọ orúkọ àti ímeèlì ẹni sínú fọ́ọ̀mù kékeré kan ni, ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀ á sì fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ nípasẹ̀ Docusign. Kò ní pẹ́ tó fi máa dé orí fóònù.

Ó yá lóòótọ́, ó sì ń dín owó ọkọ̀ kù. Àmọ́ ṣé òfin Nàìjíríà mọ̀ ọ́n? Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tọdún 2015, fọwọ́ sí i ní abala 17 fún káràkátà àti àdéhùn mìíràn. Ṣùgbọ́n ìwé ìpíngún àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ kò sí lára ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé o: bí ẹ bá ní ẹ̀yin kọ́ lẹ buwọ́ lù ú, abala yẹn kan náà ní ẹ̀yin lẹ máa mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rọ ló fi ránṣẹ́, ọrùn yín ló máa wà. Nítorí náà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì yín, ẹ ka àdéhùn náà tán, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ fi èèyàn ṣọ́ ẹ̀rọ yẹn. Bí ímeèlì bá ṣìnà, owó oṣù ẹni ẹlẹ́ni ti di ohun tí ayé ń kà.