Iyọ̀ Kọ́, Oòrùn Ni

Ní sáà tó kọjá, tíṣà kan gba fìlà lórí ọ̀rẹ́ mi níbi ìpéjọ òwúrọ̀. Wọ́n ní fìlà kò sí lára aṣọ ilé-ìwé, àti pé bí àwọn bá gba ẹnì kan láyè, gbogbo wa ni yóò dé fìlà wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ yẹn, àlejò tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò WAEC pẹ́ kó tó dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gùn. Aago mọ́kànlá ti kọjá kí a tó wọ kíláàsì. Àfín ni ọ̀rẹ́ mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọrùn rẹ̀ ti pọ́n bí ata, etí rẹ̀ méjèèjì wú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, awọ ibẹ̀ ti ń bó bí èèpo ẹ̀pà sísun.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Tíṣà mìíràn, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa, rí àwọn àmì dúdú tó kún apá rẹ̀, wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé o ti ń jẹ iyọ̀ jù báyìí?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi pàápàá rẹ́rìn-ín, nítorí láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìbéèrè yẹn. Nílé wọn, ìyá rẹ̀ àgbà máa ń bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi iyọ̀ sí ìyókù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Láti ìgbà tó ti ń jẹun ló ti ń jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́, àmì ara rẹ̀ kò sì yé pọ̀ sí i.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ iyọ̀ ti wá. Àwọn baba ńlá wa ka àfín sí ẹni òrìṣà, ọmọ Ọbàtálá, Ọbàtálá kì í sì í jẹ iyọ̀. Èèwọ̀ òrìṣà wá di èèwọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi àìjẹ iyọ̀ bọ̀wọ̀ fún òrìṣà rẹ̀, kó máa ṣe é, n kò bá a jà. Àwọn tó yà mí lẹ́nu ni àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, tí wọ́n ní àwọn ti fi òrìṣà sílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n tí wọn kò fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Bí ọ̀rẹ́ mi bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ láìsí àmì. Apá rẹ̀, láti ibi tí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì parí sí, ni àmì ti bẹ̀rẹ̀. Ojú, etí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n pọ̀ sí jù. Ṣé iyọ̀ tí èèyàn gbé mì mọ ibi tí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì parí sí ni? Oòrùn ló mọ̀ ọ́n.

Nínú awọ tiwa, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní mẹ́lánìn. Òun ló mú wa dúdú, òun náà ló sì ń gba ìtànṣán oòrùn sára kó tó wọlé lọ ba awọ jẹ́. Agboòrùn tí a bí mọ́ wa ni. Àfín jogún àìní rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Awọ rẹ̀ kì í ṣe mẹ́lánìn tó bó ṣe yẹ, òmíràn kì í tilẹ̀ ṣe é rárá. Nítorí náà, oòrùn ń wọ̀ ọ́ tààrà. Yóò kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà àmì yóò yọ, awọ ibẹ̀ yóò le, yóò máa sán. Tó bá pẹ́, egbò tí kì í jinná lè yọ níbẹ̀, irú egbò bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Bí a ti ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ iyọ̀, orí pápá ni oòrùn ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Wọ́n ní òfin ni òfin. Ó dáa. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló ń lo awò ojú ní kíláàsì wa. Awò ojú kò sí lára aṣọ ilé-ìwé, síbẹ̀ kò sí tíṣà tó bọ́ ọ lójú wọn, àwa yòókù kò sì tìtorí ìyẹn máa lo awò wá. Àwọn kan tún ní fìlà yóò jẹ́ kí ọmọ náà máa rò pé òun yàtọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní òyìnbó láti ẹnu géètì títí dé kíláàsì! Fìlà kọ́ ni yóò sọ fún un.

Mo bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà láti wá ìpara tó ń dènà oòrùn. Ní ìsọ̀ mẹ́ta tí a kọ́kọ́ yà, ìpara tó ń bóra ni wọ́n kó síwájú wa, oríṣiríṣi, kékeré àti ńlá. Àwa tí a bí pẹ̀lú agboòrùn ń fi owó ra ohun tí yóò gbà á kúrò lára wa, ẹni tí kò ní kò rí èyí tó máa rà. A rí i níkẹyìn ní ìsọ̀ olóògùn kan. Ike rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ, owó rẹ̀ sì ju èrè ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ń rí lórí ẹ̀wà àti dòdò. Ní Moshi, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, wọ́n ń ṣe ìpara kan tí wọ́n ń pè ní Kilisun fún àwọn àfín, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún wọn. Àwa náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò ní kí ọ̀gá ilé-ìwé wa lọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

Fìlà ni mo ń bèèrè. Kí etí rẹ̀ fẹ̀ yí ká, nítorí fìlà pẹlẹbẹ kì í bo etí àti ọrùn. Télọ̀ tó ń rán aṣọ wa lè gé e lára aṣọ kan náà, kó sì ṣe ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní gígùn. Kí àfín máa dúró sábẹ́ igi máńgòrò níbi ìpéjọ. Kí wọ́n má ṣe rán an lọ gé koríko lọ́sàn-án gangan bó bá ṣẹ̀; iṣẹ́ ìjìyà wà nínú yàrá ìkàwé náà. Láàrin aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn máa ń le jù, ẹ jẹ́ kí eré ìdárayá tirẹ̀ kọjá àkókò yẹn. Kò sí èyí tó ń náni ní owó ńlá nínú gbogbo rẹ̀.

Egbò kékeré kan ti wà lẹ́yìn etí ọ̀tún ọ̀rẹ́ mi báyìí. Ó ti pé oṣù méjì, kò tíì jinná. Ìyá rẹ̀ ń tu owó jọ kí wọ́n lè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Fìlà rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá àwọn tíṣà.