Apá RNA tí wọ́n ní kò wúlò, òun gan-an ni ọ̀gá fàyàwọ́

Ẹ̀yin tèmi, mo rí ẹnìkan lórí TL tó kọ ọ́ pé apá RNA tí kò bá ti gbé purotéènì jáde, ìdọ̀tí lásán ni. Irọ́ ni o. Ẹ̀wà ni màá fi ṣàlàyé.

Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Cowpea mottle virus. Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní 1978, Shoyinka àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀. Ewé ẹ̀wà á máa pọ́n lábàlà, á ká kò. Kòkòrò ajẹwé ló ń gbé e kiri, ó sì tún ń sá pamọ́ sínú irúgbìn. Àgbẹ̀ tó tọ́jú ẹ̀wà de ọdún tó ń bọ̀ lè ti tọ́jú àrùn mọ́ ọn.

RNA rẹ̀ kò ju bíi lẹ́tà 4,000 lọ.

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Ajílété mọ̀ ọ́n: kọ́sítọ́ọ̀mù á dá mọ́tò dúró, "ìwé dà?" Bó ṣe rí nínú sẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn. RNA ti ewéko fúnra rẹ̀ dé fìlà lórí, ó sì ní ìrù gígùn. Ìwé rẹ̀ nìyẹn, kí ribosome tó ń ka RNA di purotéènì tó dá a lóhùn. Ìdílé Tombusviridae, tí fáírọ́ọ̀sì ẹ̀wà yìí ti wá, kò ní fìlà, kò ní ìrù. Fàyàwọ́ pọ́ńbélé!

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọjá? Lápá ẹ̀yìn, níbi tí kò sí purotéènì kankan, RNA wọn máa ń ká, á ta kókó. Kókó yìí á gbá àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó di fìlà mú, bíi eIF4E àti eIF4G, mọ́ra. Á wá tẹ̀ padà síwájú, lẹ́tà bíi mélòó kan á so mọ́ra, ribosome á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò ló lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, abi?

Ibẹ̀ náà la ti lè mú un. Irú mẹ́lọ́ọ̀nù kan wà tí eIF4E rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ báyìí. Melon necrotic spot virus, ìbátan fáírọ́ọ̀sì ẹ̀wà yìí, kò rí i dì mú, bẹ́ẹ̀ mẹ́lọ́ọ̀nù náà ń dàgbà lọ ní tiẹ̀. (Ó gbọ́dọ̀ jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá o, ẹyọ kan kò tó.)

Èrò tèmi ni pé ká wá irú ẹ̀ nínú ẹ̀wà. Irúgbìn ẹ̀wà tó lé ní 15,000 wà nípamọ́ ní IITA, n'Íbàdàn. Ìwọ tó ń sunkún pé o ò rí topic fún project, ṣé o ti débẹ̀?